Ilẹ̀ Àjùmọ̀ní Kọ́ Ló Sọ Wọ́n Di Òtòṣì

Èrò kan ti ta gbòǹgbò láàárín àwọn tó ń kọ̀wé nípa ètò ọrọ̀ ajé, ó sì ti dé ẹnu àwọn ará ìta pẹ̀lú. Wọ́n ní ohun tó jẹ́ kí àwọn ọmọ ìbílẹ̀ Amẹ́ríkà àti Kánádà wà nínú ìṣẹ́ títí dòní ni pé wọ́n jọ ni ilẹ̀ wọn ni. Wọ́n ní ibi tí ilẹ̀ bá ti jẹ́ ti gbogbo ẹ̀yà, kò sí ẹni tó lè fi í dógò ní báǹkì, kò sì sí ẹni tí yóò forí ṣe fọrùn ṣe lórí ohun tí kì í ṣe tirẹ̀ nìkan. Oògùn tí wọ́n júwe ni pé kí wọ́n gé ilẹ̀ náà fún olúkúlùkù, kí kálukú gba ìwé tirẹ̀, kí àwọn olórí ẹ̀yà sì yọwọ́ kúrò nínú òwò pátápátá. Hernando de Soto, onímọ̀ ọrọ̀ ajé ọmọ Peru, ló sọ èrò yìí di ọ̀rọ̀ gbogbo ayé pẹ̀lú ìwé rẹ̀ The Mystery of Capital ní 2000. Ní Kánádà, Tom Flanagan àti àwọn méjì mìíràn gbé irú rẹ̀ jáde fún àwọn ọmọ ìbílẹ̀ ibẹ̀ nínú Beyond the Indian Act ní 2010. Àwọn ènìyàn wọ̀nyí kì í ṣe òpè, ọ̀pọ̀ nínú wọn kò sì fẹ́ ibi fún ẹnikẹ́ni. Síbẹ̀, mo ní wọ́n ṣi àìsàn náà mọ̀. Àṣẹ tí wọ́n gbà lọ́wọ́ àwọn ọmọ ìbílẹ̀ ló pa òwò wọn. Ohun tó sì ń jí i dìde lónìí ni àwọn olórí tó gba àṣẹ náà padà díẹ̀díẹ̀, tí wọ́n sì mọ bí a ṣe ń lò ó.

Àkọ́kọ́ ná, oògùn yìí kì í ṣe tuntun. Ní 1887 ni ilé aṣòfin Amẹ́ríkà ṣe òfin tí wọ́n ń fi orúkọ Henry Dawes pè, sẹ́nétọ̀ kan láti Massachusetts. Òfin náà ní kí wọ́n gé ilẹ̀ àyàsọ́tọ̀ àwọn ẹ̀yà fún ẹnì kọ̀ọ̀kan: 160 éékà fún olórí ìdílé, 80 fún àgbàlagbà tí kò ní ìdílé. Ìjọba yóò di ilẹ̀ náà mú fún wọn fún ọdún 25, lẹ́yìn náà ni olúkúlùkù yóò gba ìwé tirẹ̀. Èyí tó bá sì ṣẹ́ kù lẹ́yìn tí wọ́n bá pín in tán, kí ìjọba tà á fún àwọn àjèjì tó ń wá ilẹ̀. Ohun tí de Soto ń sọ lónìí gan-an ni àwọn tó ṣe òfin yìí gbà gbọ́, pé ilẹ̀ tó bá jẹ́ ti ẹnì kan ṣoṣo ni yóò sọ onílẹ̀ di aláápọn. Ní 1887, ilẹ̀ tó wà lọ́wọ́ àwọn ọmọ ìbílẹ̀ jẹ́ nǹkan bíi mílíọ̀nù 138 éékà. Nígbà tí òfin mìíràn fi máa dá gígé yìí dúró ní 1934, mílíọ̀nù 48 péré ló kù. Ẹni tó gba ìwé ilẹ̀ gba owó orí ilẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀, ó gba ẹ̀tọ́ láti jẹ gbèsè lé e lórí, ó sì gba oníjìbìtì tó ń dúró dè é ní ẹnu ọ̀nà ilé-ẹjọ́. Ilẹ̀ tí kò bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíràn nínú ìwọ̀nyí kò sàn púpọ̀. Bí bàbá bá kú, àwọn ọmọ a jọ jogún rẹ̀ láìpín, bí àwọn ọmọ náà bá kú, àwọn ọmọ-ọmọ a jogún rẹ̀, títí tí ẹyọ ilẹ̀ kan fi ń ní ọgọ́rọ̀ọ̀rún àrólé tí ẹnikẹ́ni nínú wọn kò lè fi ṣe ohunkóhun. Elouise Cobell, obìnrin ẹ̀yà Blackfeet ní Montana, gbé ìjọba lọ sílé-ẹjọ́ ní 1996 lórí owó irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ tí ìjọba ń gbà pa mọ́ fún wọn tí kò sì lè ṣírò. Bílíọ̀nù 3.4 dọ́là ni ìjọba gbà láti fi parí ẹjọ́ náà ní 2009. Bílíọ̀nù 1.9 nínú rẹ̀ ni wọ́n yà sọ́tọ̀ fún ríra àwọn ègé ilẹ̀ wọ̀nyí padà lọ́wọ́ àwọn àrólé, kí wọ́n lè tún di ti gbogbo ẹ̀yà. Ẹ wo iye tí Amẹ́ríkà fúnra rẹ̀ san láti rán ohun tó fọwọ́ ara rẹ̀ ya.

Mo mọ ẹ̀rí tó lágbára jù lọ́wọ́ àwọn tí mò ń bá jiyàn. Ní 1992, Terry Anderson àti Dean Lueck ṣe ìwádìí lórí oko inú àwọn ilẹ̀ àyàsọ́tọ̀ Amẹ́ríkà, wọ́n sì rí i pé oko tó wà lórí ilẹ̀ tó ní ìwé tó dá dúró ń mú ohun púpọ̀ wá ju èyí tí ìjọba ń di mú lórúkọ ẹ̀yà lọ. Èmi kò bá wọn jiyàn lórí iye tí wọ́n kà. Ṣùgbọ́n kí ni ìyàtọ̀ láàárín ilẹ̀ méjèèjì? Lórí ilẹ̀ tó ní ìwé, olóko ló ń pinnu. Lórí ilẹ̀ tí ìjọba ń di mú, òṣìṣẹ́ ọba gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i kí wọ́n tó yá ilẹ̀ náà lò, kí wọ́n tó gé igi, kí wọ́n tó gba owó lórí rẹ̀. Ìyẹn kì í ṣe ilẹ̀ àjùmọ̀ní, ilẹ̀ tí ìjọba fi ọwọ́ dè ni. Ẹ jẹ́ kí a tún béèrè ẹni tó ni àwọn oko tó ń mú ohun púpọ̀ wá wọ̀nyẹn lónìí. Púpọ̀ jù lọ nínú ilẹ̀ tó jáde kúrò lábẹ́ ìdìmú ìjọba ló ti bọ́ sọ́wọ́ àwọn tí kì í ṣe ọmọ ìbílẹ̀, ilẹ̀ tó dára ni wọ́n sì kọ́kọ́ mú. Ilẹ̀ ṣe rere, onílẹ̀ ti lọ. Bí ẹnikẹ́ni bá ń pe ìyẹn ní ìdàgbàsókè òwò ọmọ ìbílẹ̀, kí ó sọ fún wa ibi tí ọmọ ìbílẹ̀ náà wà.

Ìtàn tó yẹ kí gbogbo ẹni tó bá ń sọ pé àwọn ènìyàn wọ̀nyí kò mọ òwò kọ́kọ́ kà ni ti àwọn àgbẹ̀ pẹ̀tẹ́lẹ̀ ìwọ̀ oòrùn Kánádà. Òpìtàn Sarah Carter kọ ọ́ yékéyéké nínú Lost Harvests ní 1990. Nígbà tí ẹfọ̀n tí wọ́n ń dọdẹ pa tán lórí pẹ̀tẹ́lẹ̀ náà ní ìparí àwọn ọdún 1870, àwọn ẹ̀yà bíi Cree àti Saulteaux gbájú mọ́ oko àlìkámà. Àdéhùn tí wọ́n bá ìjọba ṣe ti ṣèlérí irinṣẹ́ oko àti màlúù fún wọn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìlérí náà ń falẹ̀. Láàárín ọdún mẹ́wàá, díẹ̀ nínú wọn ti ń kórè tó bẹ́ẹ̀ tí wọ́n fi ń tà. Ẹ̀rọ ìkórè wọ́n, apá ẹnì kan kò ká a. Kí ni wọ́n ṣe? Wọ́n dáwó jọ, wọ́n sì jọ rà á, wọ́n jọ ń lò ó. Ohun tí àgbẹ̀ kan kò lè dá ṣe ni àjùmọ̀ní ṣe fún wọn. Ní 1888, àwọn aláwọ̀ funfun tó ń ṣòwò oko ní àgbègbè Battleford fẹjọ́ sùn pé àwọn ọmọ ìbílẹ̀ ń bá àwọn du ọjà. Ìjọba gbọ́ tiwọn. Láti 1889, Hayter Reed, ẹni tí ìjọba fi ṣe alábòójútó wọn, gbé ètò kan kalẹ̀ pé kí wọ́n gé ilẹ̀ oko náà ní 40 éékà fún olúkúlùkù, kí ìdílé kọ̀ọ̀kan gbin ìwọ̀nba àlìkámà tí yóò jẹ, kí ó sì sin màlúù kan tàbí méjì. Ẹ̀rọ di èèwọ̀. Ọwọ́ ni kí wọ́n máa fi fọ́n irúgbìn, dòjé ni kí wọ́n máa fi ṣe ìkórè, pòròpórò àlìkámà ni kí wọ́n fi di ìtí rẹ̀, ọ̀pá ni kí wọ́n fi lu ú, ọlọ ọwọ́ ni kí wọ́n fi lọ̀ ọ́. Kódà àmúga tí wọ́n fi ń kó koríko, kí wọ́n fi igi gbẹ́ ẹ fúnra wọn. Ní ilẹ̀ tí òtútù tètè ń dé, dòjé kò lè bá ìkórè: yìnyín ká àlìkámà mọ́ orí ìdúró. Àwọn òṣìṣẹ́ ọba kan tó wà lórí oko pẹ̀lú wọn fi ẹ̀hónú hàn, Reed kò gbọ́. Kí ẹ má sì gbàgbé pé láti 1881 ni òfin ti sọ pé ọmọ ìbílẹ̀ ìwọ̀ oòrùn kò gbọdọ̀ ta irè oko rẹ̀ láìgba ìwé ìyọ̀ǹda lọ́wọ́ òṣìṣẹ́ ọba. Ó fẹ́ ta ẹrù koríko kan, ìwé. Ó fẹ́ ta màlúù tí ó sìn fúnra rẹ̀, ìwé. Ọdún 2014 ni Kánádà tó yọ òfin yìí kúrò nínú ìwé òfin rẹ̀. Àwọn tó bá ka ìtàn yìí tán kò gbọdọ̀ tún ẹnu sọ pé àṣà ni kò jẹ́ kí wọ́n ṣòwò. Wọ́n ṣòwò, wọ́n sì ń borí, ni wọ́n fi dè wọ́n.

Kí onkàwé Yorùbá má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ọ̀rọ̀ ilẹ̀ àjùmọ̀ní dẹ́rù bà á. Orí ilẹ̀ ẹbí ni kòkó ìwọ̀ oòrùn Nàìjíríà ti hù. Àlejò tó bá fẹ́ dáko gba ilẹ̀ lọ́wọ́ ẹbí, ó ń san ìṣákọ́lẹ̀, ó sì gbin igi tí yóò so fún ogójì ọdún, láìsí ìwé ìjọba kankan lọ́wọ́ rẹ̀. Owó kòkó yẹn ló kọ́ ilé ìwé, ló sì ran ọmọ lọ sí òkè òkun. Ohun tí àgbẹ̀ nílò ni ìdánilójú pé ẹni tó ń pín ilẹ̀ kò ní yẹ àdéhùn, bó bá sì di ìjà, pé àgbà kan wà tí yóò dá a láìṣe ojúsàájú.

Ìdánilójú yẹn ni olórí rere ń pèsè. Ẹ wo ẹ̀yà Choctaw ní Mississippi. Àwọn wọ̀nyí ti jìyà ìwé ilẹ̀ ṣáájú òfin Dawes pàápàá. Àdéhùn Dancing Rabbit Creek ti 1830 ní kí èyí tó pọ̀ jù nínú ẹ̀yà náà ṣí lọ sí ìwọ̀ oòrùn, ó sì ṣèlérí ilẹ̀ fún olúkúlùkù tó bá yàn láti dúró, ṣùgbọ́n aṣojú ìjọba tó yẹ kí ó kọ orúkọ wọn sílẹ̀ kọ̀ láti kọ ọ̀pọ̀ jù lọ. Àwọn tó dúró di àgbẹ̀ àjàpín lórí oko òwú ẹlòmíràn fún ọgọ́rùn-ún ọdún àti jù bẹ́ẹ̀ lọ. Phillip Martin wọ ìgbìmọ̀ ẹ̀yà náà ní 1957, ó di olórí wọn ní 1979, ó sì wà níbẹ̀ títí di 2007. Ní 1969 wọ́n dá iléeṣẹ́ ìkọ́lé tiwọn sílẹ̀, wọ́n tẹ́ ilẹ̀ fún àwọn iléeṣẹ́ ńlá, Martin sì ń kọ lẹ́tà kiri láti wá ẹni tí yóò bá wọn ṣòwò. Ní 1979 iléeṣẹ́ Chahta Enterprise bẹ̀rẹ̀ sí í di wáyà inú mọ́tò fún General Motors. Lẹ́yìn ọdún méjì, iléeṣẹ́ káàdì ìkíni American Greetings wá bá wọn. Nígbà tó ṣe, ẹ̀yà yìí di ọ̀kan nínú àwọn agbaniṣíṣẹ́ mẹ́wàá tó tóbi jù ní gbogbo ìpínlẹ̀ náà, tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn aláwọ̀ funfun àti àwọn aláwọ̀ dúdú láti abúlé ìtòsí fi ń wá ṣiṣẹ́ lọ́dọ̀ wọn. Ẹni tó bá fẹ́ sọ pé owó ilé tẹ́tẹ́ ló ṣe é, kí ó mọ̀ pé 1994 ni wọ́n ṣí ilé tẹ́tẹ́ wọn, ọdún 15 lẹ́yìn tí iléeṣẹ́ wáyà ti ń ṣiṣẹ́. Ilẹ̀ tí àwọn iléeṣẹ́ wọ̀nyí dúró lé kì í ṣe ti ẹnì kan.

Membertou ni ẹ̀rí tí mo fẹ́ràn jù, nítorí pé ibẹ̀ ni a ti lè rí ohun tó yí padà àti ohun tí kò yí padà. Ìlú àwọn Mi'kmaq ni, ní Cape Breton, Nova Scotia. Ẹ̀bá èbúté Sydney ni wọ́n wà tẹ́lẹ̀, ní King's Road. Ìlú náà ń gbòòrò, àwọn aládùúgbò fẹ́ ilẹ̀ náà, ilé-ẹjọ́ sì pàṣẹ ní 1916 pé kí wọ́n kó wọn kúrò. Ní 1926 ni wọ́n kó wọn lọ síbi tí wọ́n wà báyìí. Láti ìgbà náà, ibì kan náà ni, abẹ́ òfin kan náà tí wọ́n ń pè ní Indian Act, ilẹ̀ sì jẹ́ ti gbogbo wọn. Ní 1984 wọ́n dìbò yan Terrance Paul ṣe olórí. Ní ìdajì àwọn ọdún 1990, ìgbìmọ̀ ìlú ṣì ń ná ju owó tó ń wọlé lọ. Ní 1995 ni Paul pe Bernd Christmas wálé láti Toronto, agbẹjọ́rò àkọ́kọ́ nínú àwọn Mi'kmaq Nova Scotia. Wọ́n gé ìnáwó, wọ́n tẹ ìṣirò owó síta fún ẹni tó bá fẹ́ rí i, wọ́n ṣí ọ́fíìsì ní Halifax kí àwọn oníṣòwò lè rí wọn bá sọ̀rọ̀, wọ́n sì di ìjọba ọmọ ìbílẹ̀ àkọ́kọ́ tó gba ìwé-ẹ̀rí ISO fún ọ̀nà tí wọ́n gbà ń ṣiṣẹ́. Bó bá jẹ́ pé ibi tí ìlú wà ló ń mú òwò wá, Membertou ti wà létí Sydney fún nǹkan bí àádọ́rin ọdún láìrí nǹkan kan. Bó bá jẹ́ pé ìwé ilẹ̀ ni, wọn kò gba ọ̀kan. Àkóso ló yí padà.

Ọmọ ìlú yìí kan náà ni Donald Marshall Kékeré, tí wọ́n ti fi ẹ̀wọ̀n ọdún 11 jẹ níyà fún ìpànìyàn tí kò ṣe. Ní 1993 ó pa irú ẹja kan tó gùn bí ejò, gbogbo rẹ̀ jẹ́ ìwọ̀n 463 pọ́n-ún, ó sì tà á ní dọ́là 787 àti sẹ́ńtì mẹ́wàá. Wọ́n mú un pé kò gba ìwé àṣẹ. Ẹjọ́ náà dé ilé-ẹjọ́ tó ga jù lọ ní Kánádà, ní 1999 wọ́n sì dá a láre: àdéhùn ọdún 1760 sí 1761 fún àwọn Mi'kmaq ní ẹ̀tọ́ láti pẹja tà fún ìgbẹ́mìíró. Òwò kékeré tí ẹnì kan ń ṣe, ẹ̀tọ́ gbogbo ẹ̀yà ló gbà á là. Ṣùgbọ́n ìdájọ́ kò tó. Nígbà tí àwọn Mi'kmaq ará Sipekne'katik fi ìdájọ́ yìí sọ ọkọ̀ wọn sómi ní 2020 láti pa edé ńlá, àwọn apẹja tí kì í ṣe ọmọ ìbílẹ̀ dojú kọ wọ́n, wọ́n sì dáná sun ilé tí wọ́n ń kó edé sí. Lóṣù kìn-ín-ní 2021, ẹ̀yà Mi'kmaq méje, tí Membertou àti Miawpukek ṣíwájú wọn, bá iléeṣẹ́ Premium Brands jọ ra Clearwater, ọ̀kan nínú àwọn iléeṣẹ́ ẹja tó tóbi jù ní Àríwá Amẹ́ríkà, ní bílíọ̀nù kan dọ́là Kánádà, ìdajì sí ìdajì. Ìwé àṣẹ ẹja pípa lójú agbami náà bọ́ sọ́wọ́ wọn. Kò sí Mi'kmaq kan tó lè dá ìyẹn rà, bí a tilẹ̀ gé ilẹ̀ fún un.

Àwọn tí mò ń bá jiyàn á ní: ṣé àwọn olórí kò ní kó owó náà jẹ ni? Ìbéèrè gidi ni, ó sì ti ṣẹlẹ̀ níbi púpọ̀. Níbi tí ọmọ ìgbìmọ̀ bá ti lè ránṣẹ́ sí ọ̀gá iléeṣẹ́ pé kí ó gba ọmọ àbúrò òun síṣẹ́, tàbí kí ó lé ẹni tí kò dìbò fún òun, iléeṣẹ́ náà kò ní pẹ́ wó. Stephen Cornell àti Joseph Kalt, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ìwádìí lórí ọ̀rọ̀ yìí ní Harvard ní 1987, rí i pé iléeṣẹ́ ẹ̀yà tí òfin fi ìgbìmọ̀ olùdarí tirẹ̀ ṣe ààbò fún kúrò lọ́wọ́ olóṣèlú ní àǹfààní ìlọ́po mẹ́rin láti jèrè ju èyí tí ìgbìmọ̀ ìlú ń pàṣẹ fún lọ. Ohun tí ìyẹn fi hàn ni pé kí a kọ́ ògiri láàárín ààfin àti ọjà. Kò sọ pé kí a wó ààfin. Ta ni yóò sì kọ́ ògiri náà bí kò bá sí olórí tó fara mọ́ ọn pé kí òfin de òun fúnra òun lọ́wọ́?

Wọ́n á tún ní owó ńkọ́? Abala 89 nínú Indian Act kò jẹ́ kí ẹni tí kì í ṣe ọmọ ìbílẹ̀ gba ohun ìní wọn lórí ilẹ̀ àyàsọ́tọ̀ ní ìdógò, báǹkì sì ń sá fún ohun tí kò lè gbà. Òtítọ́ ni, ìdènà gidi sì ni. Manny Jules, tó jẹ́ olórí ní Kamloops nígbà kan, tìtorí rẹ̀ gbà pé kí ẹ̀yà tó bá fẹ́ ní òfin ìwé ilẹ̀ tirẹ̀. Mo bọ̀wọ̀ fún un, mo sì ní iṣẹ́ ọwọ́ òun fúnra rẹ̀ ló já èrò náà. Òun ló jà kí òfin yí padà ní 1988 kí àwọn ẹ̀yà lè máa gba owó orí lórí ilẹ̀ tí wọ́n bá yá àwọn ẹlòmíràn. Láti orí ìyẹn ni wọ́n ti dé òfin ètò ìṣúná ti 2005, tó dá First Nations Finance Authority sílẹ̀. Iléeṣẹ́ yìí máa ń kó ìwọlé owó ọ̀pọ̀ ẹ̀yà pọ̀ láti fi yáwó ní ọjà owó ńlá. Ní 2014 wọ́n yá mílíọ̀nù 90 dọ́là lẹ́ẹ̀kan náà. Lọ́dọ̀ wọn ni àwọn Mi'kmaq ti rí mílíọ̀nù 250 yá fún Clearwater. Kò sí éékà ilẹ̀ kan tí wọ́n fi dógò. Ìwọlé owó tó ṣeé kà àti ìwé ìṣirò tó mọ́ ni wọ́n fi dúró.

Ẹni tó ń dá ìsọ̀ kékeré tirẹ̀ ṣe ńkọ́? Òun náà kò sọnù. Cobell tí mo dárúkọ ní ìṣáájú darí ẹ̀yà rẹ̀ láti dá báǹkì tiwọn sílẹ̀ ní 1987 lẹ́yìn tí báǹkì kan ṣoṣo tó wà nítòsí kó lọ. Ní Kánádà, iléeṣẹ́ ayánilówó tó jẹ́ ti àwọn ọmọ ìbílẹ̀ ti lé ní 50, ojúlówó iṣẹ́ wọn sì ni kí wọ́n yá alásè, oníṣẹ́ igi àti onímọ́tò akẹ́rù lówó. Àwọn olórí àti ẹgbẹ́ wọn ló dá púpọ̀ nínú wọn sílẹ̀.

Nítorí náà, ohun tó kù fún ìjọba Kánádà láti ṣe yé mi kedere: kí ó bọ̀wọ̀ fún ìdájọ́ 1999 ní ojú omi gan-an, kí ó dáàbò bo ọkọ̀ àwọn apẹja Mi'kmaq bó ti ń dáàbò bo ti ẹlòmíràn, kí ó sì jẹ́ kí ẹ̀yà kọ̀ọ̀kan máa ṣe òfin ilẹ̀ àti òwò tirẹ̀ láìtọrọ ìbuwọ́lùwé lọ́dọ̀ mínísítà kankan. Ọ̀pọ̀ Yorùbá ló ti di ọmọ Kánádà, tí wọ́n ń dìbò ní Brampton, ní Calgary, ní Halifax. Ẹ̀yin ni mò ń bá wí. Bí ẹni tó ń wá ìbò yín bá dé ẹnu ọ̀nà, tó ní kí wọ́n gé ilẹ̀ àwọn ènìyàn wọ̀nyí kí òwò lè wọlé, ẹ bi í léèrè ohun tí òfin 1887 ṣe fún àwọn ẹ̀gbọ́n wọn ní Amẹ́ríkà, kí ẹ sì dìbò bí ìdáhùn rẹ̀ bá ti rí.